Jẹjẹrẹ Ọmú Tí Ń Yára Tàn: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Aláró Kan ní Òṣogbo

Obìnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ẹni ọdún 43, ọlọ́mọ mẹ́rin, tí ó ń ṣe iṣẹ́ aró ní agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ládùúgbò, nítorí náà Ìyá Aláró ni èmi náà yóò máa pè é níhìn-ín. Ó fún mi láyè láti kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, pẹ̀lú àdéhùn pé n kò ní dárúkọ òun tàbí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí òun. Apòògùn ni mí ní Òkè-Fìà. Èmi kọ́ ni mo tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ẹbí náà máa ń wá nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ oògùn tuntun, àwọn dókítà rẹ̀ sì máa ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí oògùn tí ó ń lò, bí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Nígbà ọyẹ́ ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó kan ní ọmú òsì bí ó ti ń wẹ̀. Kò dùn ún. Ó ti pẹ́ tí ó ti já àbíkẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọmú, síbẹ̀ ó rò pé wàrà tí ó dì ni, àwọn àgbà obìnrin inú ilé sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó mu àgbo, ó gbàdúrà. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, kókó náà ti hàn lára aṣọ, awọ orí rẹ̀ sì ti ń fà wọnú. Àìdunni yẹn ni ó tan gbogbo wọn jẹ. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábàá dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ó mú Ìyá Aláró sì lè dàgbà gan-an láàárín oṣù díẹ̀ tí ènìyàn fi ń retí pé yóò rọlẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n fi í sínú ìgò tí wọ́n bu omi iyọ̀ sí, ó sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò gbé e lọ sí láàbù. Èsì tí ó jáde sọ pé jẹjẹrẹ ni, ó sì sọ pé kò ní ohun tí ń gba estrogen, kò ní ohun tí ń gba progesterone, kò ní HER2. Ìwé èsì yìí ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, mú wá bá mi. Ó ti kọ pembrolizumab, orúkọ oògùn tuntun kan, sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ ṣáà bá wa wá a. Iye yòówù kí ó jẹ́, a ó ta ilẹ̀ Màámi.”

Mo ní kí ó jókòó, kí ó má tíì ta ohunkóhun.

Ohun mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ máa ń wá lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú kí wọ́n tó yan oògùn. Méjì àkọ́kọ́ ni àwọn tí họ́mónù obìnrin, ìyẹn estrogen àti progesterone, máa ń so mọ́. Bí wọ́n bá wà, oògùn bíi tamoxifen lè dí họ́mónù náà lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni HER2, tí trastuzumab lè bá jà bí ó bá pọ̀ jù. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn dókítà á pè é ní triple negative. Ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ jẹ́ bíi 10 sí 15 nínú 100 jẹjẹrẹ ọmú, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, àti láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàápàá. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀ ni ó sábàá máa ń mú, ó ń yára tàn, bí yóò bá sì padà wá, láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ni ó sábàá máa ń jẹ́.

Omi iyọ̀ inú ìgò yẹn ni ó ká mi lára jù lọ nínú gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ. Ẹran tí a bá gé lára ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní kété tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí ó wọ inú fọmalíìnì tí a pò dáadáa kí wákàtí kan tó pé, kí ó wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán, kí ó má sì ju wákàtí 72 lọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí láàbù ń wá lè ti bàjẹ́ kí wọ́n tó wò ó, èsì á sì sọ pé kò sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ kan ara. Obìnrin tí tamoxifen ìbá wúlò fún, oògùn tí owó rẹ̀ kò wọ́n rárá, yóò wá di ẹni tí a sọ fún pé tirẹ̀ kò gbọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ wá oògùn tuntun fún jẹjẹrẹ tí ń yára tàn ní ìlú wa, ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgò tí wọ́n fi ẹran náà sí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí. Abẹ́rẹ́ nínípọn ni wọ́n fi mú ẹran díẹ̀ tuntun, fọmalíìnì ni wọ́n sì fi í sí lójú ẹsẹ̀. Èsì kejì bá ti àkọ́kọ́ mu: triple negative ni lóòótọ́. Kókó náà tó sẹ̀ǹtímítà 6, ó ti dé àwọn kókó abíyá, ṣùgbọ́n àwòrán àyà àti ti ikùn kò fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀. Ìpele kẹta ni. Àwọn kan lè ní owó ìyẹ̀wò kejì ṣòfò nígbà tí èsì kò yí padà. Èmi kò gbà. Ìyẹ̀wò kejì ni ó jẹ́ kí gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdí.

Orúkọ oògùn mẹ́ta ni ọmọ náà ti kó jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ojúlówó oògùn sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ni sacituzumab govitecan. Èròjà kan tí ń wá Trop-2 kiri, ohun kan tí ó pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ yìí, ni wọ́n so oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì mọ́, kí oògùn náà lè ṣiṣẹ́ níbi tí a ti fẹ́ ẹ gan-an. Nínú ìdánwò tí wọ́n pè ní ASCENT, láàárín àwọn tí àrùn wọn ti tàn káàkiri ara ṣùgbọ́n tí kò dé ọpọlọ, ìdajì àwọn tí ó gba oògùn yìí lo oṣù 12.1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Láàárín àwọn tí ó gba kíímò nìkan, ìyẹn àwọn oògùn àtijọ́ tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, oṣù 6.7 ni. Fún ẹni tí ó bá wà nínú irú ipò yẹn, ohun ńlá ni, ṣùgbọ́n ti Ìyá Aláró kò tíì tàn dé bẹ́ẹ̀. Olaparib ni èkejì, kò sì ṣeé sọ̀rọ̀ lé lórí láìtíì yẹ jíìnì Ìyá Aláró wò, ìyẹn ohun inú ara tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí, nítorí náà a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ó wá ku pembrolizumab. Oògùn yìí kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní ọgbọ́n tí ó fi ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara fi òun sílẹ̀. Oògùn náà á gba ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ara á sì lè bá a jà. Ní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi í kún kíímò ṣáájú iṣẹ́ abẹ fún irú èyí tí ó mú Ìyá Aláró, kí a sì máa bá a lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìdánwò tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni KEYNOTE-522, tí ènìyàn 1,174 kópa nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 5, àwọn tí ó gba oògùn tuntun tí ó wà láàyè jẹ́ 86.6 nínú 100. Àwọn tí kò gbà á tí ó wà láàyè jẹ́ 81.7.

Iye kejì yìí ni mo fi ìka tọ́ka sí fún ọmọ náà, mo sì ní kí ó tún un kà. Àwọn tí kò gba pembrolizumab kò jókòó lásán. Paclitaxel àti carboplatin ni wọ́n gbà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gba cyclophosphamide pẹ̀lú doxorubicin tàbí epirubicin tí ó jọ ọ́, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ. Oògùn àtijọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì ṣeé rí ní Òṣogbo. Àwọn oògùn wọ̀nyí, bí a bá lò wọ́n pé, tí a lò wọ́n lásìkò, tí iṣẹ́ abẹ sì tẹ̀ lé e, ni ó gbé ènìyàn bíi 82 nínú 100 kọjá ọdún 5. Oògùn tuntun fi bíi 5 kún un. Ẹ̀mí ènìyàn 5 kì í ṣe ohun tí a ń fojú kéré, bí ó bá sì jẹ́ pé owó rẹ̀ wà nílẹ̀, èmi fúnra mi ni n bá ṣáájú wọn lọ rà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹbí náà fẹ́ ṣe ni kí wọ́n ta ilẹ̀, kí wọ́n ra ìwọ̀n tí owó náà bá ká, kí nǹkan kan má sì ṣẹ́kù fún oògùn mẹ́rin yòókù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gba pembrolizumab fún bí ọdún kan, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ni ẹ̀ẹ̀kan péré, inú òtútù tí kò kọjá ìwọ̀n 8 ni ó gbọ́dọ̀ máa wà títí a ó fi lò ó, a sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ thyroid tí ń ṣe họ́mónù nínú ọrùn, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti ìfun aláìsàn nítorí pé ara lè yíjú padà sí ara. Kò sí ìdánwò kankan tí ó sọ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀, láìsí oògùn yòókù, yóò gba ènìyàn là.

Dókítà rẹ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wọn. Ó ní àwọn kan nínú ìdánwò náà wà tí àrùn wọn kò tíì pọ̀ tó tirẹ̀, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà òun kò lè ṣèlérí 82 fún un. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn máa ń bí mi nínú. Àwa ni àrùn yìí pọ̀ láàárín wa, ara àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì ti ń dán oògùn rẹ̀ wò. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe níhìn-ín: wọ́n ti ṣe ìdánwò trastuzumab tí a ń gún sábẹ́ awọ fún àwọn obìnrin Nàìjíríà, Ìbàdàn sì wà lára ibi tí ó ti wáyé. Ní Íńdíà, ní ilé ìwòsàn Tata Memorial tí ó wà ní Mumbai, wọ́n fi obìnrin 720 tí ó ní irú jẹjẹrẹ yìí wádìí bóyá carboplatin wúlò bí a bá fi í kún kíímò, wọ́n sì rí i pé ó ṣe àwọn tí kò ju ọdún 50 lọ láǹfààní. Oògùn tí apá àwọn ènìyàn wọn ká ni wọ́n fi wádìí ọ̀rọ̀ ara wọn. Èsì tiwọn yìí wà lára ohun tí dókítà náà wò kí ó tó fi carboplatin sínú oògùn Ìyá Aláró.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí í ṣe olórí ẹbí, kò lòdì sí oògùn òyìnbó. Ohun tí ó ń bi mí ni ìdí tí a kò fi lè máa lo àgbo pẹ̀lú rẹ̀. “Ewé á jẹ́, Dókítà,” ó ní. “Ewé ni àwọn bàbá wa fi tọ́ wa dàgbà.” Mo ní, “Bàbá, ara igi ni ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un ti wá.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní yew, tí ó ń hù ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí paclitaxel. Ọdún 1962 ni wọ́n bó èèpo náà. Ọdún 1971 ni wọ́n tó kọ bí èròjà inú rẹ̀ ti rí sílẹ̀ fún aráyé. Ọdún 1992 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, ọdún 1994 fún ti ọmú. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni wọ́n fi wá èròjà kan ṣoṣo jáde láàárín ọ̀pọ̀ èròjà inú èèpo, tí wọ́n fi mọ ìwọ̀n tí ń pa jẹjẹrẹ láìpa ènìyàn, tí wọ́n sì fi mọ ohun tí ó ń ṣe sí iṣan àti ẹ̀jẹ̀. Ewúro tiwa náà, àwọn onímọ̀ ti da omi rẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú nínú àwo láàbù, ó sì dín bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i kù. Ṣùgbọ́n inú àwo ni ìyẹn, kò tíì di oògùn tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ fún aláìsàn. Ẹ̀dọ̀ ni yóò ṣiṣẹ́ lórí paclitaxel, òun náà ni yóò ṣiṣẹ́ lórí àgbo, bí a bá sì da méjèèjì lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá oògùn yóò pọ̀ jù nínú ara ni tàbí yóò kéré jù. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Àdéhùn tí a jọ ṣe ni pé kí ó máa jẹ ewúro nínú ọbẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kí àgbo inú ìgò dúró di ẹ̀yìn ìtọ́jú. Wọ́n pa àdéhùn náà mọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un.

Paclitaxel àti carboplatin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn aláró dá owó, àjọ tí ó ń dá bọ́ sí àsìkò, mo sì rí i pé ibi tí oògùn ti wá mọ́, pé ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí wọ́n tó fà á sí i lára. Nígbà tí ó yá, ìka ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri. Àdìrẹ oníko ni iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù, kò sì lè fi ìka mọ bí okùn ti le tó mọ́ nígbà tí ó bá ń dì í. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà kan, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì fún un ní ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ni doxorubicin kàn, oògùn pupa tí ó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Mo ti kìlọ̀ fún un kí àyà rẹ̀ má baà já. Mo ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ibà fún ọmọbìnrin rẹ̀, mo ní bí ó bá ti tó 38, kí wọ́n má ṣe lo paracetamol kí wọ́n sì máa retí ilẹ̀ mímọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n máa lọ. Ó tó 38 lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì lọ. Ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré gan-an. Bí wọ́n bá dúró di àárọ̀, ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ yìí má gùn tó báyìí.

Kókó tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 ti wà nísàlẹ̀ 2 nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gé ọmú náà kúrò pẹ̀lú àwọn kókó abíyá. Èsì ẹran tí wọ́n gé fi hàn pé jẹjẹrẹ ṣì ṣẹ́kù, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọmú àti nínú kókó abíyá kan. Ìròyìn tí kò dára tó bí a ti fẹ́ ni, nítorí àwọn tí kò bá ní nǹkan kan tí ó ṣẹ́kù ni ara wọn sábàá máa ń le jù. Nínú KEYNOTE-522, láàárín àwọn tí ó gba oògùn àtijọ́, bíi 51 nínú 100 ni kò ní àṣẹ́kù. Oògùn tuntun gbé e dé bíi 65. Ìyá Aláró bọ́ sí ìdajì kejì.

Ibi yìí ni capecitabine ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1998, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò pè é ní oògùn tuntun. Ìlò rẹ̀ ni ó tuntun. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Japan àti Gúúsù Kòríà gbé èsì ìdánwò kan jáde lórí àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ṣẹ́kù sí lára lẹ́yìn kíímò àti iṣẹ́ abẹ. Láàárín àwọn tí tiwọn jẹ́ triple negative, àwọn tí ó lo capecitabine tí ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5 jẹ́ 78.8 nínú 100, àwọn tí kò lò ó jẹ́ 70.3. A kò lè fi ìdánwò kan wọn òmíràn tààrà, nítorí àwọn aláìsàn inú wọn yàtọ̀. Síbẹ̀ èyí jẹ́ ohun tí aláró kan ní Òṣogbo lè rà, kí ó gbé e sílé, kí ó sì lò ó tán. Ìyá Aláró lọ gba ìtànṣán ní Ìbàdàn ná, níbi tí ó dé sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì nígbà tí ó padà dé.

Capecitabine máa ń bó àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ìkòkò aró òde òní sì ní kọ́sítíìkì nínú, èyí tí ń jó awọ tí ó le koko pàápàá. Mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan aró mọ́ títí oògùn yóò fi tán, àti lẹ́yìn rẹ̀ títí awọ yóò fi san. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ohun tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn nígbẹ̀yìn ni pé kí ọmọbìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ máa dúró ti ìkòkò, kí òun máa fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Dókítà dín ìwọ̀n oògùn kù díẹ̀ nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó gan-an, ó sì lò ó tán.

Ọ̀rọ̀ jíìnì ni ó kù. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti kú nípa àìsàn ọmú nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọjọ́ orí tirẹ̀ náà kò sì tó 60, nítorí náà ìyẹ̀wò tọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tí ó gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 lórí obìnrin Nàìjíríà 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú: bíi 15 nínú 100 ni ó jogún jíìnì tí ó bàjẹ́, BRCA1 sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Èsì Ìyá Aláró jáde, BRCA1 ni tirẹ̀ náà. Olaparib tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ di ohun tí a lè bi dókítà léèrè, nítorí láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 3, àwọn tí ó lò ó tí jẹjẹrẹ kò padà sí lára jẹ́ 85.9 nínú 100, àwọn tí kò lò ó jẹ́ 77.1. Owó rẹ̀ ṣì wọ́n. Ọmọ rẹ̀ ti ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, n kò sì dá a dúró lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ìyẹ̀wò tí ó tọ́ka sí oògùn náà ti wà nílẹ̀, ìtọ́jú tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ sì ti parí.

Àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ ni èsì náà kàn báyìí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin àti obìnrin, lè ti jogún rẹ̀, ìdajì sí ìdajì. Olórí ẹbí bẹ̀rù pé bí ó bá jáde síta, kò sí ìdílé tí yóò fẹ́ àwọn ọmọbìnrin náà. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe asán, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo tún sọ fún un pé èsì ẹni kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹni náà, kì í ṣe ohun tí à ń kà sójú agbo ilé. Àbúrò Ìyá Aláró obìnrin, ẹni ọdún 36, bi mí pé bí òun bá mọ̀, kí ni òun yóò fi ṣe. Mo ní wọn yóò máa fi ẹ̀rọ wo ọmú rẹ̀ lọ́dọọdún láìdúró de kókó, wọn yóò sì bá a sọ̀rọ̀ nípa yíyọ ilé ẹyin nígbà tí ó bá bímọ tán, nítorí BRCA1 kò mọ sí ọmú nìkan.

Ní báyìí, Ìyá Aláró ń lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọn kò tíì rí nǹkan kan, ó sì ṣì wà láàárín àwọn ọdún tí irú jẹjẹrẹ yìí máa ń padà wá. Àbúrò rẹ̀ ti gba ọjọ́ tí wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìyẹ̀wò jíìnì, ó sì ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé má tíì gbọ́ sí i.